Ọbẹ̀ Mi Ni Wọ́n Fẹ̀sùn Kàn

Ètè Bísí ni mo kọ́kọ́ rí. Ìyàwó Kàmọ́rù ọmọ mi ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀ alákàn tán nílé wa lẹ́yìn Iga, ààfin ọba Èkó, ni ètè rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí n tó béèrè pé kí ló dé, nǹkan ti sú bo gbogbo ara rẹ̀, ó ń họra, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè. Mo figbe ta: "Yéè! Ẹ gbà mí o!" A sáré gbé e dé ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nítan, èémí rẹ̀ sì padà sípò.

Gbogbo wa gbà pé akàn ni. Mo ní ó dáa, akàn ò ní wọ ìkòkò mi mọ́. Àfi bó ṣe tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wà lásán. Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí mi nínú agboolé. Ìyá Bísí wá láti Ìjẹ̀bú, ó jókòó sórí àga mi, ó wojú mi: "Ìyá Kàmọ́rù, kí lẹ ń fi sóúnjẹ ọmọ mi?"

Èmi! Èmi tí mò ń yọ egungun ẹja fún un! Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á kó ọmọ òun lọ sílé. Bísí ò sì fọwọ́ kan oúnjẹ mi mọ́. Ó dùn mí wọ eegun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa irú àìsàn yìí, mo bá wọn lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í jókòó sílé. Dókítà bi Bísí bóyá ó lo oògùn kankan lọ́jọ́ méjèèjì. Ó ní rárá.

Mo ní, "Rárá kẹ̀? Ti ehín tó ń dùn ọ́ ńkọ́?"

"Màmá, ìyẹn náà loògùn? Gbogbo ayé ló ń lò ó."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó bi í pé ìgbà wo ló máa ń lò ó. Bísí ní lẹ́yìn oúnjẹ, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní kẹ́míìsì pé kò gbọdọ̀ lò ó sínú òfìfo. Háà! Ọbẹ̀ mi ló ń ṣáájú, oògùn ló ń tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n wá mú lólè.

Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Àlẹ́jì ni wọ́n ń pe àìsàn náà: kí ara máa bá ohun tí kò ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan jà bí ọ̀tá. Dókítà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ọ̀tá jà. Wọn á gba ẹ̀jẹ̀ Bísí, wọn á pín in sínú ìgò kéékèèké ní yàrá àyẹ̀wò, wọn á fi oríṣi oògùn kọ̀ọ̀kan sí i. Èyí tó bá jí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn, àmì á yọ lára wọn, ẹ̀rọ á sì rí i. Bísí ò ní gbé oògùn náà mì rárá, ìyẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń ṣe é o. Wọ́n sì ní ká kọ́kọ́ dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ẹ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà kì í tètè dáhùn.

Ìdúró yẹn le. Mò ń se oúnjẹ, ẹni tí mò ń torí rẹ̀ sè é ò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí a lọ gba èsì, mò ń fa tẹ̀sùbáà lórí bẹ́ńṣì.

Diklofẹ́nákì, oògùn ehín yẹn gan-an, ló jí wọn. Parasitamọ́ọ̀lù ò jí wọn. Dókítà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ò tó, ó lè ṣàṣìṣe. Ó fún Bísí ní parasitamọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ á gbà á, abẹ́rẹ́ wà nítòsí, a jókòó, a ń ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán irú ẹ̀ wò nílé o. Ó ní kó yàgò fún diklofẹ́nákì pátápátá, kó má sì lo oògùn ìrora mìíràn láìjẹ́ pé ó béèrè.

Ètè ò wú. Àyà ò dún. Bísí di ọwọ́ mi mú.

"Màmá, ebi ń pa mí."

"Kí lo fẹ́ jẹ?"

"Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá sè."

Mo bú sẹ́kún níwájú dókítà, ojú ò tì mí.

Ìyá rẹ̀ ti pè, ó bẹ̀ mí. Mo ní ó ti tán, abiyamọ ni, ẹ̀rù ló bà á. Alihamudulilahi. Ẹ̀jẹ̀ Bísí ló jẹ́rìí mi nígbà tí kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ara ọmọ yẹn ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó pariwo tó bẹ́ẹ̀, tó sì dúró dè wá títí a fi gbọ́.