Líìfù Bàbá Mi Tí Kò Tán

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé èmi ni wọ́n máa ń rán wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ mú bàtà tó bá sọnù, yàrá kan ṣoṣo ni a ń gbé ní Dópẹ̀mú: bàbá mi, ìyá mi, Wàsíù ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ irú yàrá tí mò ń wí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í jẹ́ kí ìyẹn bà wá nínú jẹ́. Wọ́n máa ń rán wa létí pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ ń to ìlà balùwẹ̀. Àwa ní ilé sí Ìgbẹ́tì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bàbá wọn ló kọ́ ọ, òkè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù bí inú fìríìjì. Èmi àti Wàsíù á gbé ìròyìn náà lọ bá àwọn ọmọ ilé, a ó sì fi díẹ̀ kún un. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ti di alájà mẹ́rin.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò bọ́ bàtà. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ti ti ilẹ̀kùn pa. Bàbá mi wá iṣẹ́ káàkiri Ìkẹjà títí, eruku ni wọ́n ń rù bọ̀ wálé. Nígbà tó yá, wọ́n pè wá jókòó, wọ́n ní a ń lọ sílé wa. Wọ́n wá na ìka sí èmi àti Wàsíù.

"Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní Ìgbẹ́tì, líìfù ni mo gbà. Ṣé ẹ gbọ́? Líìfù."

Bí a ṣe lọ lo ìsinmi nìyẹn o, àwa àti bẹ́ẹ̀dì, mátíràsì méjì, kọ́bọ́ọ̀dù, sítóòfù, odó ìyá mi pẹ̀lú ọmọ odó, àti adìyẹ kan tó yàgbẹ́ sí mi lára láti Agége títí dé Ọ̀yọ́.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ bàbá mi. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti sọ ni pé ewúrẹ́ ló ń gbé ìsàlẹ̀, àdán ló ń gbé òkè, àtẹ̀gùn tó so wọ́n pọ̀ sì ti ká eyín bí ẹnu arúgbó. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá bàbá mi, nìkan ni ènìyàn tó kù nínú ilé náà. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Orí òkúta lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń wo bí a ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àlàó, ẹ kú àbọ̀ o," ni wọ́n wí. Oríkì bàbá mi nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ rí ní Dópẹ̀mú. "Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Àlàáfíà ni, Ìyá Àgbà. Líìfù ni mo gbà," ni bàbá mi wí lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Ìyá Àgbà wo bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wo odó. "Ẹ kú ìsinmi," ni wọ́n wí. Wọ́n sì fún wa ní yàrá ẹ̀yìn lókè, lábẹ́ àwọn àdán gan-an. Yàrá ńlá tó wà níwájú, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè, wọ́n fi í sí títì.

Kò pẹ́ tí èmi àti Wàsíù fi rí iṣẹ́ ṣe. Orí àpáta ni wọ́n máa ń sá èlùbọ́ sí níbẹ̀, èmi ni wọ́n sì yàn láti máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. Àpáta náà á gbóná débi pé ẹsẹ̀ kan ni màá gbé sílẹ̀, màá gbé èkejì sókè, bí ẹyẹ òkun. Bí oòrùn bá ti rọ̀, àwa ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí ìdí wa. Pátá mẹ́ta ló já mọ́ mi nídìí lóṣù kan. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè, kí n máa ronú nípa ẹni tó ń ran aṣọ. Ní ti Wàsíù, "no wàhálà" tó fi ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn ló di orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà pàápàá á máa pè é: "Nówàhálà, wá bá mi gbé omi."

Bàbá mi nìkan ni kò ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀gá tó wà lórí líìfù kò kúkú gbọdọ̀ gbé ọkọ́. Láràárọ̀, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa dáhùn ìkíni.

"Àlàó, líìfù náà ò tíì tán?"

"Wọ́n tún fi kún un ni."

"Háà! Ilé iṣẹ́ yín mà láàánú o."

Ilé iṣẹ́ wa láàánú títí tí oúnjẹ fi tán nílé. A ń mu gààrí láàárọ̀, a ń fi ṣe ẹ̀bà lálẹ́, ìyá mi sì ń dákẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Òjò ló tú wa láṣìírí. Ó ti ẹ̀yìn òkè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, atẹ́gùn rẹ̀ sì ká páànù méjì kúrò lórí yàrá wa. Omi ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá mi kọ̀, wọn ò ké sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n mú òòlù, wọ́n gun òkè tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá. Àkàbà yọ̀. Orí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni bàbá mi balẹ̀ sí, ìyẹn ló sì jẹ́ kó jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló yẹ̀.

Àwọn aládùúgbò sáré dé. Káfíńtà kan wà láàárín wọn.

"Àlàó, kí ló dé tí o ò pè mí?"

"Nǹkan kékeré ni," ni bàbá mi wí láti inú ìgbẹ́. "Màá ránṣẹ́ sí káfíńtà mi l'Ékòó."

Mo rò pé wọ́n ń kú lọ ni. Mo figbe ta. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe! Kì í ṣe líìfù! Wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ pa, a ò sì ní oúnjẹ!"

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti kúnlẹ̀, mo ti gbé ọwọ́ sókè fúnra mi.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ta ló sọ fún ọ pé a ò mọ̀? Ta ló ń gbé odó lọ síbi ìsinmi?"

Ẹ̀rín sọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi aṣọ tútù bojú. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n sunkún. Ìyá Àgbà jókòó tì wọ́n nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

"Mò ń dúró kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́ ni, Àlàó. Ilé bàbá rẹ mà nìyí. Ta lo ń parọ́ fún?"

Wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú kúrò lọ́rùn. Ìyá mi ni wọ́n fún, wọn ò fún bàbá mi.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn fi ọ̀wẹ̀ tún òrùlé náà ṣe, wọ́n gbé èlùbọ́ àti ẹ̀wà wá pẹ̀lú. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi san, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sóko. Ọwọ́ wọn bó, wọ́n ń kérora bí aláboyún, àmọ́ wọ́n ń jẹun yó. Ọdún mẹ́rin la lò kí wọ́n tó tún ríṣẹ́ ní Ìkẹjà. Èmi ni mo sunkún jù lọ́jọ́ tí a ń lọ.

Lónìí, Òmọ̀lé ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ti lajú, a dúpẹ́. Géètì wa ga débi pé òrùlé aládùúgbò nìkan la fi ń mọ̀ pé a ní aládùúgbò. A ní ẹgbẹ́ onílé lórí Wọ́sáàpù, níbi tí a ti ń kí ara wa láràárọ̀ láìfojú kanra. Ọkùnrin kan wà ní òdìkejì wa tó máa ń so táì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. A máa ń yìn ín pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Lẹ́yìn tí ìdílé náà ti kó lọ láìdágbére la tó gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Abẹ́ igi kan ní Ìkẹjà ló ń gbé mọ́tò sí, tí á jókòó sínú rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú fèrèsé mi ni mo ti máa ń rí i láràárọ̀ tó bá ń jáde nílé. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Wọ́sáàpù. Ẹlòmíì fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí i. Èmi náà tẹ tèmi, mo sì gbé fóònù kalẹ̀.