Àjọ Ìtọ́kasí Tí Mi Ò Bá Wọn Dá

Ọdún tí wọ́n yí òfin ìgbéga padà níbi iṣẹ́ wa ní Àbújá ni mo mọ̀ pé iye ọdún téèyàn fi ṣiṣẹ́ ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ibùdó ìwádìí ìjọba ni mo wà. Omi ni mò ń yẹ̀ wò: omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi odò. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá àgbà nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn olùwádìí mìíràn ń tọ́ka sí iṣẹ́ òun nínú àpilẹ̀kọ tiwọn, kó sì dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí, bó bá ní. Kọ̀ǹpútà ni yóò ka ìtọ́kasí náà. Bí kò bá pọ̀ tó, kéèyàn lọ jókòó.

Tèmi ò pọ̀ tó. Níbi tí wọ́n ti béèrè alábàáṣiṣẹ́pọ̀, òfo ni. Èmi nìkan ni mò ń gbé ìgò mi kiri láti kànga dé kànga. Mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí mo lè jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga. Mo fẹ́ ipò náà, mi ò ní purọ́. Àwọn tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi sínú ìgò ti ń ṣe ọ̀gá lé mi lórí, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá ń kí wọn ní "sà".

Àbúrò kan wà ní ọ́fíìsì tó kángun sí tèmi, ọmọ Ìlọrin, tó ń ṣe ìwádìí lórí bí iṣu ṣe lè pẹ́ nílẹ̀ láìjẹrà. Ọmọlúàbí ni. Bí mọ́tò mi bá kọ̀ lójú ọ̀nà, òun ni mo máa ń pè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé wá bá mi, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ dá àjọ."

"Mo ti ń dá méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kì í ṣe tówó. Àjọ citation ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé paper jáde nínú wa á tọ́ka sí tẹni tó kàn. Tó bá yí ká, gbogbo wa ti kó o nìyẹn. Ẹ̀yin la máa jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó o, torí interview yín ti dé tán. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Ẹ̀gbọ́n."

Mo bi í pé kí ni omi kànga mi fẹ́ wá ṣe nínú iṣu rẹ̀. Ó ní ṣebí omi ni wọ́n fi ń se iṣu.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Mo sọ fún un pé nínú àjọ, owó ara ẹni lèèyàn ń dá, ohun téèyàn dá náà ni yóò kó. Nínú tiwọn yìí, ẹ̀rí èké ni wọ́n ń dá, ẹ̀rí èké náà ni wọ́n máa kó. Ẹni tó bá tọ́ka sí iṣẹ́ mi ń sọ pé òun kà á, ó sì wúlò fún òun. Ó ní orí mi le jù. Mo ní ó ti pẹ́ tó ti le.

Ó ku díẹ̀ kí n jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ni ìtọ́kasí mi ṣàdédé fi ọ̀kan lé sí i. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo ṣí i tí mo rí i pé àpilẹ̀kọ iṣu ni. Àbúrò mi ti fi ta mí lọ́rẹ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, ibi tó tutù ló yẹ kí wọ́n kó iṣu sí. Èmi tí mi ò sọ̀rọ̀ iṣu rí láyé mi, àfi bí mo bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Ọ̀kan yẹn gan-an ló jẹ́ kí n dé iye tí òfin béèrè. Mo wò ó títí, ó sì ṣe mí bíi kí n dákẹ́. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá gba ipò náà báyìí, bí wọ́n bá ń pè mí ní ọ̀gá àgbà, èébú ni màá máa gbọ́. Mo dìde, mo lọ bá a.

"Yọ ọ́ kúrò."

"Kai, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti jáde."

"Kọ̀wé sí jọ́nà tó gbé e jáde."

"Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Ka iṣẹ́ mi. Tó o bá kà á tán, wàá mọ ohun tó o máa wí."

Inú bí i. Ó ní òun ò rí irú èyí rí, pé kí wọ́n ṣèèyàn lóore kó máa bínú.

Níwájú ìgbìmọ̀, ẹnì kan ní kọ̀ǹpútà fi hàn pé ìtọ́kasí mi pé. Mo ní kò pé, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe tèmi. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò sì fún mi ní ipò náà.

Ìròyìn yẹn ló dé etí àbúrò mi tó fi jókòó ka iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé láìkànkùn, láìkí mi, àpilẹ̀kọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò kan ló nàka sí.

"Ẹ̀gbọ́n, kànga yìí, èyí tó wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Mpape."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀yìn ilé wa ni."

Owó ilé ní Wuye, láàárín ìlú Àbújá, ló lé e lọ sí Mpape lẹ́yìn ìlú. Mo mọ̀ pé ó ti kó lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ apá ibi tó ń gbé, àti pé kó tó débẹ̀ rárá ni mo ti bu omi yẹn. Òjé, lead tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, wà nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kéèyàn mu lọ.

"Ìyàwó mi máa ń sè é kó tó fún ọmọ," ló wí. "Ó máa ń hó dáadáa."

Abẹ́ fọ́tò yẹn náà ni mo ti kọ ọ́ pé sísè kì í mú òjé kúrò nínú omi.

Ọjọ́ yẹn la gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní a tètè dé, kí á má fún un ní omi yẹn mọ́. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé la fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Mpape, à ń bu omi wọn yẹ̀ wò, à ń kìlọ̀ fún wọn. Òun ló mọ àwọn onílé, èmi ni mo mọ omi. Àwọn kan lé wa, a sì tún padà lọ. Orúkọ rẹ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lórí àpilẹ̀kọ tuntun, torí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Jọ́nà náà ti yọ ìtọ́kasí iṣu kúrò, kọ̀ǹpútà sì ti dín tèmi kù. Màá fẹ̀yìn tì láìgba ipò náà. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n Sátidé ni ọ̀la. Àwọn ilé tó kù ní òpópónà ilé àbúrò mi ò tíì gbọ́, wọ́n sì ń pọn omi kànga náà láràárọ̀.