Àga Méjì Nínú Àwòrán

Mo rántí bí èéfín ẹja ṣe máa ń ti Makoko fẹ́ wọ yàrá wa ní Yaba láàárọ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi á ní kí n má pa fèrèsé dé, pé èéfín ń mú fọ́tò dùn. Ìbejì ni wá. Èmi ni Táyé tó kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò. Òun ni Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n, kò sì fìgbà kan jẹ́ kí n gbàgbé.

Àwòrán olójú méjì la fi ń ṣeré nígbà náà. A ó fi fóònù ya nǹkan kan, a ó sún fóònù díẹ̀ sápá ọ̀tún, bí ojú kan ṣe jìnnà sí ìkejì, a ó tún un yà. Bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a gbé awò páálí tí a rà ní Tejúoṣó lé ojú, ojú kọ̀ọ̀kan á wo tirẹ̀, méjèèjì á di ẹyọ kan, nǹkan á sì yọ síta bíi pé kéèyàn fọwọ́ kàn án. Mo na ìgbálẹ̀ sí fóònù, gbogbo ará ilé tó wò ó ló ń fa imú sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ti òsì sí ọ̀tún, kòtò inú abọ́ wa bá di òkìtì. A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń yà á, ìkejì ló ń jókòó, nítorí náà a ò jọ wà nínú fọ́tò kan látìgbà tí a ti dàgbà. A rò pé ọjọ́ pọ̀ nílẹ̀.

Àìsàn tí kò pẹ́ ló mú un lọ. Nílé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A ní ó rìnrìn àjò. Èmi tí wọ́n rán ṣáájú, èmi náà ni wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó dùn mí, mo sì dá wà gan-an. Mo ṣì ń se oúnjẹ ẹni méjì, màá wá jẹ ìyókù ní tútù lọ́jọ́ kejì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, àmọ́ kò sẹ́ni tó kù nínú yàrá yẹn tó lè sọ tèmi di odindi.

Màmá wa pè mí láti Mushin.

"Táyé, bá mi ya fọ́tò yín wá. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára ògiri mi."

Ó yé mi. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì ò bá sí mọ́, onífọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jókòó ti ara wọn. Mo ní tèmi á ju ti onífọ́tò lọ: Màmá á rí wa bíi pé a wà ní pálọ̀ ẹ̀.

Mo gbé àga méjì kalẹ̀. Mo wọ aṣọ mi, mo jókòó sí ti òsì, fóònù dá yà mí. Mo sún un, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó sí ti ọ̀tún. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, èmi ò bi ẹnì kankan. Ó yẹ kí n ya ìjókòó kọ̀ọ̀kan fún ojú méjèèjì. Ní báyìí, ojú òsì ń rí ẹnì kan, ojú ọ̀tún ń rí èkejì. Nínú awò, a jọ jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àga ń hàn gba àyà wa. Mo sunkún, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá bí arìnrìn-àjò ṣe ń rí nìyẹn.

Mo gbé fọ́tò náà lọ sí Mushin, Màmá sì gbé awò lé ojú.

"Ẹnì kan ni mo rí."

"Ẹni méjì ni, Màmá. Ẹ wò ó dáadáa."

"Ẹnì kan ni. Àga ti òsì ṣófo."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ojú òsì rẹ̀ ò ríran mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù, ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ló sì wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti aládùúgbò kò yéé ṣì wá pè tẹ́lẹ̀ torí a jọra, mo sì fẹ́ kí òun náà ṣì mí pè lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ta lẹ rí, Màmá?"

Ó gbé awò kúrò lójú. "Ìwọ ni, Táyé. Aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ lo wọ̀." Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Àga tó ṣófo yẹn, tiẹ̀ ni. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lára ògiri Mushin dòní. Awò páálí ṣì wà lọ́dọ̀ mi, fọ́tò náà sì wà nínú fóònù mi. Bí yàrá bá dákẹ́ jù, màá gbé e lé ojú, a ó jọ jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí n tó gbé e kalẹ̀, màá di ojú òsì mi, bíi ti Màmá.