Awò Dúdú Kan fún Gbogbo Ilé

Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ báyọ́lọ́jì tó mi ní gbogbo Ìbà l'Ékòó. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mi kì í fi kún un ni pé SS1 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ báyọ́lọ́jì, JSS3 lèmi sì ti kúrò. Àwọn kan máa ń sọ pé mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Irọ́ ni. Ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀, ó tiẹ̀ sáré. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ Àpólò, àrùn ojú pípọ́n tó wọ ilé wa lọ́dún náà, èmi olódo yìí ni mo tọ̀nà, gbogbo ilé ló ṣìnà, inú sì ń bí mi di àárọ̀ yìí.

Ilé tí mò ń sọ, fẹ́ẹ̀sì-mí-áì-fẹ́ẹ̀sì-yù ni: yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín. Balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan, kànga kan. Tí ẹni tó wà ní yàrá iwájú bá sín, ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn á ní pẹ̀lẹ́ o, ẹni tó wà láàárín á bi í pé oògùn wo ló ti lò. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé níbẹ̀, èmi, àǹtí mi, àti ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ọkọ wọn ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ó máa ń pẹ́ kó tó yọjú. Aránṣọ ni àǹtí mi. Abẹ́ igi mọ́ńgòrò iwájú ilé ni ẹ̀rọ wọn wà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé òun ni wọ́n fi ń júwe àdúgbò. Èèyàn á ti Ọjọ́ wá, á ti Ìjánikin wá, á kàn béèrè aránṣọ abẹ́ mọ́ńgòrò. Tí wọ́n bá lé wa nílé yẹn, kì í ṣe yàrá nìkan la máa pàdánù. Mọ́ńgòrò lọ nìyẹn, oníbàárà lọ, ọbẹ̀ lọ.

Èmi ń kọ́ṣẹ́ rédíò ní Àlàbá. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó. Tí wọ́n bá gbé rédíò tó ń họ fún mi, kì í pẹ́ tí kò fi ní í họ mọ́. Kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́ náà ni. Ọ̀gá mi, ọmọ Íbò kan tó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe yẹ lọ, máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n gbá ọjà wọn mú tí mo bá ń kọjá.

Bàbá onílé wa, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe, tí kò bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá wọn. Màmá yìí ló ń gbé yàrá àkọ́kọ́. Ojú wọn ti fọ́ ká tó débẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé kó má kí wọn. Wàá kúnlẹ̀ tàbí kó o dọ̀bálẹ̀, wàá na ọwọ́ sí wọn, Màmá á gbá a mú, wọ́n á fọwọ́ pa á lókè nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n á wá ṣàdúrà. Témi bá na tèmi, wọn ì í pa á pẹ́.

"Ọwọ́ yìí ò ríṣẹ́ rí," Màmá á ní. "Ọmọ onírédíò ni."

Tí wọ́n bá ṣàdúrà tán, wọ́n á fi ọwọ́ kan náà nu ojú, torí ojú wọn máa ń ṣomi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kò sẹ́ni tó fi í sọ́kàn nílé wa.

Káfíńtà yàrá kejì ni Àpólò kọ́kọ́ mú. Ó jí, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyìn, ó wú, ìpin ti lẹ ìpéǹpéjú ẹ̀ pọ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ìyàwó ẹ̀ fi là á. Kì í ṣe ilé wa nìkan. Gbogbo Èkó ló gbóná nígbà náà, ní Àlàbá wọ́n ń fi ojú pípọ́n ná ọjà. Ohun tí gbogbo ayé sì gbà gbọ́ ni pé wíwò ló ń ranni. Tó o bá wo ojú ẹni tó ní in, tóun náà bá wò ẹ́, ó ti bọ́ sí ẹ lójú nìyẹn. Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí ògiri tá a bá ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ògiri là ń kí kúàárọ̀. Ìyàwó káfíńtà kọ lu ẹnì kan tó gbé ògì gbígbóná lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ń bẹ ara wọn láì wojú ara wọn, ògì ń ṣàn lọ láàárín wọn.

Bàbá wá ṣòfin. Wọ́n lọ ra awò ojú dúdú kan ní Àlàbá, wọ́n kan ìṣó sára ògiri lẹ́bàá balùwẹ̀, wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá pọ́n, kó tó jáde sọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ará ilé ẹ̀ bá a mú awò wá, kó fi sójú. Tó bá ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe tán, kó dá a padà sórí ìṣó fún ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá mo sọ ọ́ yára jù. Awò kan. Gbogbo ilé. Káfíńtà á yọ ọ́ lójú, ìpin ẹ̀ á ṣì wà létí awò, ìyàwó ẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á tì í bọ ojú. Ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń kanra pé ó ti pẹ́ jù. Láàárọ̀, wọ́n á tò lẹ́bàá ìṣó yẹn bí ìgbà tí wọ́n ń to epo bẹntiróò, gbogbo wọn á kọjú sí ògiri. Tí kòkòrò Àpólò bá ní ẹsẹ̀, kò lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn bá wa tó bá a ṣe fi awò yẹn gbé e káàkiri.

Rédíò ló là mí lójú. Wọ́n gbé ọ̀kan fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo tú u, mo so wáyà kan mọ́ òmíì láì mọ̀ọ́mọ̀, ló bá sọ̀rọ̀. Dókítà kan ló ń sọ pé Àpólò kì í bá wíwò ranni, pé ọwọ́ ni, pé aṣọ ìnura ni, pé káwọn tó ń gbé ilé kan náà má jọ lo ohunkóhun tó bá kan ojú, kí wọ́n máa fi ọṣẹ fọwọ́. Mo rọra fà á sún mọ́ etí kí n lè gbọ́ dáadáa. Ó kú.

Mo sáré délé lọ sọ ọ́. Káfíńtà, pẹ̀lú awò lójú, kọjú sí ògiri, ó bi mí pé rédíò ta ni. Mo ní èyí tí mò ń tún ṣe ni.

"Rédíò tí ìwọ ń tún ṣe ló sọ̀rọ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká rí àrùn tó ju ojú lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé omi ojú tún ń da Àpólò sílẹ̀. Èmi tí mo mọ òótọ́ yìí wá ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, mo rí awò lórí ìṣó, kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo ní kí n kàn fi sójú wò. Mo yọjú sínú omi báágẹ́ẹ̀tì, mo rí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó dà bí òṣèré. Ọmọge kan wà tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Òkókómáíkò tí kò tíì wo apá ọ̀dọ̀ mi rí. Mo wọ awò náà lọ síbẹ̀, mo fẹ̀yìn ti òpó iná. Ó wò mí lóòótọ́. Ó bi mí bóyá kó fà mí kọjá títì.

Kò pẹ́ tí ojú mi náà fi pọ́n.

Àǹtí mi ò na mí. Wọ́n kàn fi ohùn ìsàlẹ̀ bi mí pé ṣé kì í ṣe èmi ni mo délé wá sọ pé kẹ́nì kankan má fi awò yẹn sójú? Wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ rédíò gbọ́ lọ́nà tí èmi tí mo gbọ́ ọ ò gbà á gbọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ya ife tèmi sọ́tọ̀, wọ́n gé aṣọ àgékù fún mi láti máa fi nu ojú, tó bá di alẹ́ wọ́n á sè é bí ẹran. Mi ò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ. Tí mo bá fọwọ́ kan ojú, ọṣẹ. Tí mo bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ọṣẹ. Tí mo bá ní mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ọṣẹ, nítorí pé mo ń parọ́. Báágẹ́ẹ̀tì wa ò bá tẹnì kankan dé kànga mọ́. Tí àǹtí mi bá sì ń kí Màmá, ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀, wọn ò na ọwọ́. Yàrá wa nìkan ni ọmọ kékeré wà tí ojú ẹ̀ funfun. Kò sẹ́ni tó bi wá pé báwo la ṣe ṣe é. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aránṣọ ń gbéra ga, kò na ọwọ́ sí àgbàlagbà mọ́.

Wàhálà wá dé torí awò. Àǹtí mi ní mi ò ní í fi sójú mọ́. Mo wá ń fi ojú lásán rìn lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń wolẹ̀, mò ń yára, ṣùgbọ́n ojú lásán náà ni. Káfíńtà lọ fẹjọ́ mi sun Bàbá. Bàbá pe àǹtí mi, wọ́n ní òfin àwọn ni òfin àwọn. Àǹtí mi bẹ̀bẹ̀, Bàbá gbójú kúrò.

Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ Màmá jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ojú ń ta àwọn. Nígbà tí Bàbá dé ibẹ̀, ojú tí kò ríran náà ti pọ́n, ó ti wú. Màmá ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n ń béèrè pé kí ni ojú táwọn ò lò tún ṣe fún ẹnì kankan. Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí gbogbo ilé pé lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Sátidé, tá a bá ti gbálẹ̀ ìmọ́tótó tán.

Àǹtí mi mú mi sí kọ̀rọ̀ yàrá. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀. Ìwọ ṣáà dọ̀bálẹ̀. Má sọ̀rọ̀."

Mo ní mo gbọ́. Ẹ ò rí irú ìpàdé yẹn rí. A ò gbọ́dọ̀ wo ara wa, torí náà olúkúlùkù gbé àpótí tiẹ̀ kọjú síbi tó wù ú, ẹlòmíì ń wo kànga, ẹlòmíì ń wo ṣáláńgá, bí àwọn orogún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Bàbá fúnra wọn ni awò wà lójú wọn lọ́jọ́ yẹn, Àpólò ti mú àwọn náà. Tí wọ́n bá ní "ìwọ", èèyàn mẹ́ta á dáhùn. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí Àpólò, Ọlọ́run ló ni ín. Ẹni tó fi ojú lásán wo ìyá àwọn làwọn ń wá. Ẹni yẹn, ó jẹ́wọ́ o, kò jẹ́wọ́ o, á kó ẹrù ẹ̀ kúrò nílé àwọn kí oṣù yìí tó parí.

Gbogbo ẹ̀yìn tó kọ sí mi yẹn, mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń rò. Àǹtí mi kúnlẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe mí, pé tó bá jẹ́ awò ni, màá máa fi sójú láti òní lọ. Ìyàwó káfíńtà bá wọn bẹ̀bẹ̀, ó ní aránṣọ ò níjà, àbúrò ẹ̀ nìkan ni orí ẹ̀ ò pé. Ohùn Bàbá rọlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe òkúta. Wọ́n ní kí àǹtí mi dìde.

Ṣé ẹ rí i pé ó ti tán? Èmi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ibi tó dáa jù lọ fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Awò tó kó gbogbo wọn sí wàhálà wà lójú onídàájọ́, èmi ni wọ́n wá ń tọrọ àforíjì fún. Báyọ́lọ́jì tí mi ò kọ́ bá ru bò mí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ni," ni mo ní. "Màmá ò ríran. Ta ni wọ́n wá wò tí Àpólò fi mú wọn?"

Ẹnì kan lápá ṣáláńgá ní òótọ́ mà ni o. Káfíńtà yí padà pátápátá, ó wò mí, ẹni àkọ́kọ́ tó wo ẹlòmíì nílé yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ni mo bá dìde jókòó. Mo ṣàlàyé ọwọ́ tá à ń na sí Màmá, mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi nu ojú, mo na ìka sí awò ojú Bàbá. Mò ń rí i bí wọ́n ṣe ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àǹtí mi ń fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn, mi ò dá wọn lóhùn. Mo gbé ojú mi méjèèjì tó pọ́n sókè, mo fi wo Bàbá tààrà, mò ń dúró kí wọ́n sọ pé mo tọ̀nà.

Bàbá yọ awò. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n fi ọwọ́ náà nu awò, wọ́n fi í sójú padà.

"Wọn ò wo ẹnì kankan," Bàbá ní. "Ìwọ lo wò wọ́n."