Kí A Tó Pa Fọ́tò Ayétòrò Rẹ́

Ìró kan ń jáde nínú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì. Mo mọ ìró yẹn. Háàdì díìsìkì inú rẹ̀, ibi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, ti fẹ́ kú.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Zion Pepe níbí. Fúnmi tó gbé èyí wá, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni. Ó ń ya fọ́tò ní Ayétòrò. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Gbogbo fọ́tò tó yà ní àdúgbò wọn kí òkun tó gbé e lọ, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni wọ́n wà.

“Níbo lẹ ń gbé e sí?” ni mo bi wọ́n.

“Ẹ bi Màmá, sà.”

“Orí àjà, lókè ààrò ẹja,” ni ìyá dáhùn. “Ohun tí a kò bá fẹ́ kí ọ̀rinrin bà jẹ́, ibẹ̀ ni à ń kó o sí. Ìwé ìbatisí Fúnmi ṣì wà níbẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.”

“Màmá, ìwé ò ní fáànù,” ni mo wí. “Kọ̀ǹpútà ní. Èéfín ẹja ló ti ń fà símú látọjọ́ yìí.”

SSD, irú díìsìkì ìgbàlódé kan, ni mo ní láti fi rọ́pò díìsìkì náà. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ kéré sí ti àtijọ́ púpọ̀. Kí ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ tó lè kó lọ síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹrù inú ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ dín kù. Fọ́tò ló sì pọ̀ jù nínú ẹrù náà.

“Ẹ kọ́kọ́ gbé ètò yẹn lọ ná, sà. Iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ mi.”

“Rárá, Fúnmi. Ètò ṣeé fi sí padà. Fọ́tò ńkọ́?”

Mo so díìsìkì ìta mọ́ ọn, a bẹ̀rẹ̀ sí í da fọ́tò kọ. Ìró yẹn ń le sí i. Nígbà tó yá, iṣẹ́ dúró pátápátá lórí fódà kan. Mo pa ẹ̀rọ náà, a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ó tutù, a sì jókòó tì í bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Nígbà tí a tún tàn án, fódà náà kọjá. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú díìsìkì ìta kejì.

“Ó kù kí n pa wọ́n rẹ́ lórí ti àtijọ́,” ni mo wí.

Ìyá dìde. “Tíṣà, òkun gba ilé, ẹ̀yin náà fẹ́ gba fọ́tò rẹ̀?”

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé àlàyé kò ní tó. Mo so díìsìkì ìta kìíní mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, mo ní kí ó dárúkọ ilé tó bá fẹ́ rí. Ó dárúkọ, Fúnmi ṣí i. A ṣí i nínú ìkejì pẹ̀lú. Ìyá wò ó pẹ́, ó jókòó.

“Ẹ pa á rẹ́.”

Mo pa wọ́n rẹ́. Lẹ́yìn náà mo sún ààlà àyè tí ètò náà gbà lórí díìsìkì àtijọ́ wọlé títí tó fi kéré ju SSD lọ, mo dà á kọ síbẹ̀, mo tú ti àtijọ́ kúrò, mo fi tuntun sí i. Mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú. Fúnmi di ojú tirẹ̀. Nígbà tó là á, orúkọ rẹ̀ ti wà níwájú rẹ̀, gbogbo nǹkan sì wà bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

“Ibi méjì, Fúnmi, ó kéré tán,” ni mo sọ fún un. “Má sì kó méjèèjì sínú ilé kan.”

Ìyá rẹ̀ ti fa kọ̀ǹpútà tèmi mọ́ra, ó ń fi ìka tọ́ka. “Ilé Bàbá Ṣọlá nìyí. Ìyá onígaàrí ló tẹ̀ lé e. Ibí yìí la ti ń pọn omi...” Ó ń dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò lọ sí ibi tí òkun wà báyìí. Ọkọ̀ tó ń padà sí Ayétòrò ń pe èrò létí omi. Kò sí ẹni tó dìde nínú wa.