Ẹja Labalábá ní Pálọ̀ Àgùdà

Ìyàwó mi ti kú fún bí ọdún méjì kí ẹja náà tó wọ ilé mi. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn ará ilé wa máa ń so méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ní àìrẹ́nibásọ̀rọ̀ ló sọ mí di ẹni tó ń sin ẹja. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló gbé ẹja wá bá mi.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Yaba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Mo ti dàgbà kí n tó kàwé. Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, pẹ̀lú àwọn tí mo lè bí lọ́mọ, ìwé ẹ̀rí tí mo gbà níbẹ̀ ni wọ́n sì fi gbà mí sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀dá abẹ̀mí. Èmi ni mò ń fọ ìgò, èmi ni mò ń pààrọ̀ omi. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja, ló gbé àpótí gíláàsì kan kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó sì kó ẹja méjì sí i.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹja tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń jẹ. Àwọn wọ̀nyí pẹlẹbẹ bí àwo, wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àwọ̀ wọn dà bí ìyeyè tó pọ́n, ìlà dúdú mẹ́ta sì gba ara wọn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ gba orí ojú gan-an, tó fi jẹ́ pé ènìyàn ní láti wò ó dáadáa kó tó mọ ibi tí ojú wà. Ẹnu wọn ṣù jọ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ súfèé. Ọ̀gá mi ní ẹja labalábá ni àwọn òyìnbó ń pè é. Mo rò ó nínú mi pé lẹ́ẹ̀kan yìí, òyìnbó sọ nǹkan lórúkọ tó bá a mu.

Bí iṣẹ́ bá dín, ó máa ń sọ̀rọ̀ wọn fún mi. Ó ní nínú òkun àwọn ìlú mìíràn, àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan máa ń kọ́ ilé bí òkúta sábẹ́ omi. Ilé náà á tẹ́ lọ bí oko, àwọn ẹja aláràbarà bí èyí ló sì ń gbé inú rẹ̀. Èkó ò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn tiwa ń gbé àárín òkúta tí wọ́n tò sí ẹnu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọlé, àti inú ọkọ̀ tó ti rì. Ẹyin wọn kì í dúró lójú kan, orí omi ló ń léfòó sí. Ọmọ tó bá jáde á máa bá ìgbì lọ, eegun á bo orí rẹ̀ bí akoto, títí yóò fi rí òkúta tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ akoto sílẹ̀, tí yóò sì gbé àwọ̀ wọ̀. Tó bá dàgbà, á yan ẹnì kejì. Àwọn méjèèjì á jọ máa rìn, wọ́n á jọ máa ṣọ́ òkúta tiwọn. Bí ọ̀kan bá yà sẹ́yìn àpáta, èkejì á dúró, á máa wò títí tí yóò fi tún rí i.

Mo máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé. Bí mo bá ń jẹun, mo máa ń rí ọmọ ẹja tó dé akoto lójú òkun, tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ohun tó ń bí ọ̀gá mi nínú ni oògùn. Àwọn apẹja kan ń ra oògùn tí wọ́n ń fín sára kòkó, wọ́n ń dà á sí àárín òkúta kí ẹja lè kú, kó sì léfòó. Ẹja ọbẹ̀ ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n oògùn ò mọ ìyẹn. Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ẹja labalábá ń ṣà jẹ lára òkúta á kú tán, òkúta á wá ṣófo. Nínú garawa apẹja ni ọ̀gá mi ti rí méjì yìí. Ó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, lẹ́yìn náà yóò dá wọn padà.

Òun kọ́ ló dá wọn padà. Ní àwọn ọdún yẹn, àwọn olùkọ́ ń lọ sí òkè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà sì lọ. Nígbà tó ń lọ, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ àpótí gíláàsì.

"Ẹ bá mi dá wọn padà sí ibi tí oògùn ò dé, tí òkun bá ti rọ̀," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kú sínú gíláàsì."

Mo ní mo ti gbọ́.

Àkókò òjò ni, òkun ń ru. Kó tó rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ pa. Iná lọ, kò sì sí ẹni tí yóò tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dákẹ́. Kí ẹ̀ṣọ́ tó jẹ́ kí n wọlé, ọ̀kan ti dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí bí aṣọ tó pẹ́ jù nínú oòrùn. Èkejì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo gbé èyí tó kù lọ sílé ní Àgùdà, nínú garawa tí mo da aṣọ bò. Mo gbé àpótí gíláàsì náà tẹ̀lé e. Mo ra bátìrì mọ́tò àlòkù ní Ládìpọ̀ tí yóò máa gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn nígbà tí iná bá lọ, mo sì ń fi kẹ́ẹ̀gì lọ bu omi òkun. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́ja. Wọ́n á yọjú, wọ́n á bi mí pé ìgbà wo la máa lọ ata.

Ní ọ̀sán, oòrùn á gba fèrèsé wọlé, á gba inú omi kọjá, ìmọ́lẹ̀ á wá máa mì lára ògiri àti àjà, bíi pé abẹ́ omi ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Mi ò ní iṣẹ́ tí mo ń lọ. Mo máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì á máa lu agolo níta, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bíi pé òkè omi ni ariwo rẹ̀ ti ń bọ̀. Oorun á gbé mi díẹ̀, màá tún la ojú, mi ò ní mọ̀ bóyá èmi ni mò ń wo ẹja tàbí òun ló ń wò mí.

Àmọ́ kò jẹun. Mo gé edé tútù wẹ́wẹ́ fún un. Á wò ó, á yí padà, á lọ dúró sí igun. Ìyeyè ara rẹ̀ ń ṣá. Mo mọ̀ pé tó bá ń bá a lọ báyìí, òkun ò ní rọ̀ bá a láyé.

Ìyá Ìbejì ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Mushin. Lára ògiri rẹ̀, àwòrán àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì wà, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, wọ́n jókòó sórí àga kan. Ọ̀kan ni mo mọ̀. Ó ti dàgbà, ó ń kọ́ṣẹ́ irun. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé náà, mo bi ìyá wọn pé èkejì ńkọ́. Ó ní, "Ó lọ sí Èkó."

Àwa tí à ń gbé ìhà Surulere, bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ sí Èkó, a mọ̀ pé ó fẹ́ kọjá afárá ni. Mo rò pé ọ̀dọ̀ ẹbí kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ọmọ náà wà. Ọdún dé ọdún, bí a bá kíra tán, mo máa ń bi í pé, ẹni Èkó ńkọ́, ṣé ó ti dé? Á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Á ní kò tí ì dé.

Lọ́jọ́ tó wá wo ẹja, ó béèrè pé ṣebí wọ́n ní méjì ni. Mo ní èkejì ti kú.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ ní ó lọ sí Èkó."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Gbogbo ọdún tí mo ti ń béèrè. Mo ṣáà ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń béèrè rẹ̀." Ó jókòó. "Nílé wa lọ́hùn-ún, a kì í pe ikú mọ́ ìbejì. Wọ́n á ní ó lọ sí Èkó. Nígbà tí èmi náà wá kó wá sí Èkó, mo wá a títí."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, nítorí náà èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá ṣàlàyé àwòrán náà fún mi. Ọmọ kan náà ni. Ayàwòrán gbé e jókòó sí apá ọ̀tún àga, ó yà á, ó tún gbé e sí apá òsì, ó yà á, ó wá tẹ àwòrán méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan, kí ọmọ má baà máa rí ara rẹ̀ ní òun nìkan. Ó yíjú sí àpótí gíláàsì, ó ní, "Ẹ fún un ní dígí."

Dígí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ nílé mi kò ju ọ̀kan lọ. Ti ìyàwó mi ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló kọ ojú dígí náà sí ògiri lọ́jọ́ tí a sin ín, kò sì sí ẹni tó yí i padà. Mo gbé e wá. Mo nu eruku rẹ̀, mo gbé e ti ara gíláàsì.

Ẹja náà dúró gbọn-in. Lẹ́yìn náà ó rọra fẹ̀gbẹ́ rìn wá láti igun, ó na ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Èyí tó wà nínú dígí na tirẹ̀. Ó yí, ìyẹn yí. Wọ́n jọ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ gíláàsì dé òpin, wọ́n jọ padà. Mo rí ojú ara mi lẹ́yìn wọn nínú dígí náà. Mo ti hewú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó ṣa edé. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìyá Ìbejì máa ń yà kí wọn tó bá ti ọjà dé. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ọ̀gá mi sọ bóyá wọ́n máa ń fẹ́ òmíràn, bí ẹnì kejì bá lọ. Mo ní ó sọ pé àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹja nìkan kọ́," ó ní.

Mo ní omi mi ń hó lórí sítóòfù. Mo wọ kíṣìnnì lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, òkun rọ̀. Mi ò lọ. Mo sọ fún ara mi pé ó ti ń jẹun, ará ilé kúkú ni. Lóòótọ́, ó wù mí kó dúró. Inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń sùn lọ́sàn-án, inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń jí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan. Bó bá rìn dé ibi tí dígí pin sí, ìkejì á pòórá. Yóò wá dúró níbẹ̀, yóò máa wo ibi tó gbà. Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ fún mi. Nínú òkun, ìkejì á padà yọ láti ẹ̀yìn àpáta. Nílé mi, ògiri ló wà lẹ́yìn dígí.

Mo gbé garawa.

Ọmọ Ìlàjẹ kan ló fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé mi. Mo ní kó gbé mi lọ sí àárín òkúta, níbi tí wọn kò da oògùn sí. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tó rọrùn, wọ́n ti dà á tán. Ẹ̀gbẹ́ kejì, omi ibẹ̀ máa ń fa ọkọ̀, àwọn tó ń da oògùn kì í dé ibẹ̀. Ó wo inú garawa.

"Bàbá, gbogbo ayé ń kó ẹja jáde, ẹ̀yin ń gbé e padà. Ṣé ó bẹ̀ yín ni?"

Mo ní kó ṣáà máa tukọ̀.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo rọra ń bu omi òkun sínú garawa kí ara rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà mo tẹ garawa. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tó jí sí ilé onílé. Ó lọ sísàlẹ̀. Mo rí ìyeyè rẹ̀, mo tún rí i, n kò rí i mọ́. Nígbà tó yá, nǹkan kan tàn bí ìyeyè láàárín òkúta níwájú. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni tàbí òmíràn.

Ìyá Ìbejì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó wo garawa tó ṣófo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja dà?"

Mo ní, "Ó lọ sí Èkó."

Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn.

Mo ní, "Rárá o. Láàyè ló lọ."