Àlàfo tí Jákọ́bù Fi Sílẹ̀ fún Ẹja

Ó dìgbà o, Jákọ́bù, ọmọ Obòkun, ọ̀rẹ́ tó sàn ju ọmọ ìyá lọ. Ikú mú ọ lọ kí n tó sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ọ tipẹ́. Inú ìwé ìsìnkú rẹ ni mo wá ń sọ ọ́ sí, lójú gbogbo èèyàn.

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni àwa méjèèjì fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ rélùwéè l'Óṣogbo, tí o mú mi lọ sí ilẹ̀ bàbá rẹ lẹ́bàá Ifẹ̀wàrà pé ká máa sin ìṣáwùrú, ìgbín inú omi, nínú odò. A fi ọparun ṣọgbà dábùú odò láti etí dé etí, kí omi má baà gbá wọn lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, ẹja tó lẹ́yin nínú ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ yé e sókè odò. Ọgbà wa dá wọn dúró, wọ́n sì kú síbẹ̀. O ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, o fa ọparun tu láàárín, o fi àlàfo sílẹ̀. Mo yarí pé ìṣáwùrú wa ni yóò gba ibẹ̀ lọ. O ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọdún mélòó la fi ń ṣọ́ ojú irin kí nǹkan má dí i? Ọ̀nà ẹja nìyí." Láti ìgbà náà, láràárọ̀, tìwọ ti pákò lẹ́nu, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá ki ọwọ́ bọ àlàfo náà wò bóyá omi ń kọjá.

O lọ ṣọdún Àjíǹde n'Iléṣà, mo bá fi àwọ̀n dí àlàfo náà. Ẹja ńlá méjì kú sínú rẹ̀. Nígbà tí o dé, mo ní àgbàrá ló gbé àwọ̀n wá. O wo kókó tí mo ta, o ní, "Àgbàrá yìí mà mọ kókó ta o." O fọ̀bẹ gé e, o rẹ́rìn-ín, o ò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ojú tì mí débi pé n kò lè bẹ̀ ọ́.

Èmi ni, Jákọ́bù. Èmi ni mo ta kókó náà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Òótọ́ ni pé ìṣáwùrú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó wa jẹ, ẹja sì padà sókè odò.

Láàárọ̀ àná, mo fi pákò sẹ́nu, mo lọ síbẹ̀. Ewé ti dí àlàfo rẹ. Mo kó o kúrò, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi ń kọjá, ẹja kan sì fara kàn mí lọ́wọ́, ó ń lọ sókè. Èmi ni n ó máa ṣọ́ àlàfo náà báyìí.

Sùn re o, ọ̀rẹ́ mi.